Níkẹ́ẹ̀lì lórí èédú àgbọn: kí ló dé tí sẹ́ńsọ̀ ṣúgà mi fi ń rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Iṣẹ́ oyè kejì ni mò ń ṣe. Mo sun ìkarahun àgbọn di èédú, mo po níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, mo sì ń kán an sórí glassy carbon (ẹlẹ́kítíróòdù kábọ́ọ̀nù tó ń dán bí dígí) láti fi wọn glúkóòsì láìlo ẹ́ńsáìmù. Nínú NaOH 0.1 M, ó ń dáhùn dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá di ọjọ́ kẹta, iná tó ń mú wá á ti dín sí ìdajì. Ẹlẹ́kítíróòdù méjì tí mo ṣe lọ́jọ́ kan náà kì í bára mu. Nígbà tí mo sì gbé e wọ inú omi pH 7.4 tó dà bí ti ẹ̀jẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ṣé kí n padà sọ́dọ̀ ẹ́ńsáìmù ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má tíì padà. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, ọ̀kan kì í ṣe àléébù rárá, bí níkẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Méjì tó kù, ojú ibi tí níkẹ́ẹ̀lì ti di èédú mú ni mo fura sí, ọ̀nà sì wà láti mọ̀ ọ́n dájú kí ẹ tó kán ẹ̀kán glúkóòsì kan péré.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi pH bẹ̀rẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì kì í dá glúkóòsì mọ̀ bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń dá a mọ̀. Nínú NaOH, awọ Ni(OH)₂ ló máa ń bo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé fóltéèjì dé nǹkan bí 0.40 sí 0.50 V ní ìfiwéra pẹ̀lú Ag/AgCl (ẹlẹ́kítíróòdù ìfiwéra), awọ yẹn á fi ẹlẹ́kítíróònù kan sílẹ̀, á di NiOOH:

Ni(OH)₂ + OH⁻ → NiOOH + H₂O + e⁻

NiOOH yìí ni ebi ẹlẹ́kítíróònù ń pa. Á já a gbà lọ́wọ́ glúkóòsì, òun á padà di Ni(OH)₂, glúkóòsì á sì di gluconolactone:

2NiOOH + C₆H₁₂O₆ → 2Ni(OH)₂ + C₆H₁₀O₆

Ẹlẹ́kítíróòdù á tún gba ẹlẹ́kítíróònù lọ́wọ́ Ni(OH)₂, àyípo á tún bẹ̀rẹ̀. Iná tí ẹ ń kà kò ju àyípo yìí lọ. Láti 1971 ni Fleischmann, Korinek àti Pletcher ti ṣàlàyé ìṣesí yìí fún níkẹ́ẹ̀lì àti oríṣiríṣi nǹkan tó ní kábọ́ọ̀nù nínú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn, “oríṣiríṣi nǹkan”, sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ tún wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa: láìsí OH⁻ (ohun tó mú NaOH jẹ́ álíkálì), kò sí NiOOH. Nínú NaOH 0.1 M, OH⁻ pọ̀ ju ti pH 7.4 lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400,000. Glúkóòsì pàápàá nílò álíkálì, torí pKa rẹ̀ (pH tí ìdajì rẹ̀ ti ju prótọ́ọ̀nù kan nù) wà ní àgbègbè 12.3. Ní pH 13, púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ju prótọ́ọ̀nù kan nù, ó sì ti rọrùn láti gba ẹlẹ́kítíróònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́kítíróòdù yín kò fọ́jú ní pH 7.4. Ibi tí oúnjẹ rẹ̀ kò sí lẹ gbé e lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ gbé wá bá NaOH, kí ẹ má gbé níkẹ́ẹ̀lì lọ bá ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá kán 100 µL omi orí ẹ̀jẹ̀ tó ti tòrò sínú 9.9 mL NaOH, ẹ ti bù ú là ní ìlọ́po 100. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 5 mM á di 0.05 mM. Ẹni tó jí láìjẹun tó sì wà ní 7.0 mM, ìyẹn 126 mg/dL tí wọ́n ti ń pè ní àtọ̀gbẹ, á di 0.07 mM. Ẹni tó wà ní 11.1 mM, ìyẹn 200 mg/dL, á di 0.11 mM. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ ń wá ti yí padà. Ẹ kò nílò sẹ́ńsọ̀ tó lè kà dé 30 mM bí àwọn kan ṣe ń fi yangàn. Èyí tó lè ya 0.05 sọ́tọ̀ kúrò lára 0.06 láìṣiyèméjì lẹ nílò. Irú ẹ̀rọ yìí kò ṣeé fi sábẹ́ awọ ara, ó sì yẹ kí ẹ kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé yín ní kedere. Ibi àyẹ̀wò ni àyè rẹ̀ wà, tàbí lórí páálí tí álíkálì ti gbẹ sí lára. Àǹfààní rẹ̀ sì tóbi: ẹ́ńsáìmù tí Clark àti Lyons fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1962 kì í fẹ́ ooru, kì í fẹ́ ọ̀rinrin, fìríìjì ni a sì sábà máa ń tọ́jú ìyẹ̀fun rẹ̀ sí. Ní ìlú tí iná ti ń ṣe ségesège, ohun tó lè dúró nínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹta.

Kí ẹ tó fi glúkóòsì dán ohunkóhun wò, ẹ ti ẹlẹ́kítíróòdù bọ NaOH lásán, kí ẹ ṣe CV (cyclic voltammetry: ká gbé fóltéèjì lọ, ká gbé e bọ̀, ká sì máa ka iná) láti 0 dé 0.65 V ní 20 mV/s. Ṣóńṣó kan á yọ ní lílọ, òmíràn ní bíbọ̀. Ti lílọ ni ṣóńṣó Ni(OH)₂ tó ń di NiOOH. Ẹ fa ìlà ìpìlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wọn ohun tó wà láàárín ìlà náà àti ṣóńṣó, kí ẹ sì fi ìyára pín in. Ohun tó jáde ni ẹrù iná, Q. Ó ń sọ iye níkẹ́ẹ̀lì tó wà lójúfò, tó sì ń bá ẹlẹ́kítíróòdù sọ̀rọ̀.

Ká ní Q jẹ́ 0.5 mC. Ẹ fi 96,485 pín in, ẹ ó rí 5.2 nmol. Bí ẹ bá kán 25 µg àdàlù tí níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 5 µg níkẹ́ẹ̀lì lẹ kán, ìyẹn 85 nmol. Nínú 85, márùn-ún àti díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ìyókù ń sùn nínú ihò èédú tàbí lórí hóró tí iná kò lè dé. Irú ìṣirò yìí máa ń dun ni, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ibi tó yẹ ká tọ́jú.

Ẹ wọn Q ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kẹta, kí ẹ sì kọ fóltéèjì tí ṣóńṣó wà sílẹ̀ nígbà méjèèjì. Bí Q náà bá ti dín sí ìdajì, níkẹ́ẹ̀lì ti já bọ́, tàbí kí iná má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí Q kò bá yẹ̀ ṣùgbọ́n tí iná glúkóòsì dín, ojú níkẹ́ẹ̀lì ti dọ̀tí, tàbí kí omi glúkóòsì yín ti bàjẹ́. Bí Q bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ṣóńṣó ti sún ní 20 tàbí 30 mV, ẹlẹ́kítíróòdù ìfiwéra ló ń tàn yín jẹ tàbí NaOH ti gbó. Ẹ ń ka iná ní 0.50 V bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ 0.50 V ti òní kì í ṣe ti ìjẹta.

Mo fura sí èyí àkọ́kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ: ẹ “po” níkẹ́ẹ̀lì mọ́ èédú. Ìyẹ̀fun méjì tí a pò gbẹ kàn ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Omi tí ẹ ń rò àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń hó níwájú ẹlẹ́kítíróòdù á máa tú wọn ká. Ó yẹ kí níkẹ́ẹ̀lì hù lára èédú. Báyìí ni kí ẹ ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ ṣètò èédú fúnra rẹ̀. Èédú tí a sun ní 400 tàbí 500 °C, bó ti wù kó dúdú tó, kì í gbé iná dáadáa. Ó ń fẹ́ ìléru tó dé 800 °C, nínú náítírójìn tó ń ṣàn, kí ẹ máa gbé ooru sókè ní 5 °C ní ìṣẹ́jú kan, kó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi HCl 1 M wẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan kí eérú inú rẹ̀ lè jáde, ẹ sì fi omi tí a sẹ́ mọ́ ṣan án títí pH omi ìṣanù á fi di bíi ti omi náà gan-an. Ẹni tó bá fi KOH la ihò sínú èédú tí kò ṣan án tó, pótáṣì ló ń gbé sórí ẹlẹ́kítíróòdù. Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbówó: ẹ di ìyẹ̀fun náà sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ìṣó irin méjì tẹ̀ ẹ́ láti òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi mítà wọn bó ṣe ń dènà iná tó. Ẹ ṣe bákan náà sí ìyẹ̀fun gíráfáìtì, pẹ̀lú ìtẹ̀ kan náà. Bí ìdènà iná ti yín bá fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ti gíráfáìtì lọ, ẹ dá a padà sínú ìléru.

Mo ní láti sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ nípa èédú oníhò wa yìí. Ihò púpọ̀ kì í ṣe ìbùkún nígbà gbogbo. Èédú tó lè kó ẹrù iná pamọ́ dé 100 F/g, 17 µg rẹ̀ á mú nǹkan bí 85 µA wá ní 50 mV/s kí glúkóòsì tó dé rárá. Iná ìpìlẹ̀ yẹn á bo ṣóńṣó níkẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, yóò pẹ́ kó tó rọlẹ̀, ariwo rẹ̀ á sì ba ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ lè rí jẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì tó bá sì ko sínú ihò tí kò tó 2 nm, glúkóòsì kò lè tètè débẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúró ti èédú àgbọn, tí mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ dúró tì í, ẹ má fi KOH la ihò sí i rárá, tàbí kí ẹ fi díẹ̀ ṣe é. Kí ẹ sì fi carbon black, irú èyí tó ń mú táyà mọ́tò dúdú, po ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn kó lè jẹ́ ọ̀nà fún iná.

Kí èédú lè ní ohun tí yóò fi di níkẹ́ẹ̀lì mú, ẹ sè é nínú HNO₃ 5 M ní 80 °C fún wákàtí mẹ́rin, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín. Ásíìdì yìí á gbin ẹgbẹ́ COOH sára rẹ̀, àwọn yẹn ni Ni²⁺ máa rọ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí HNO₃ àti ẹ̀tánọ́ọ̀lù pàdé nínú ìgò kan, kódà nínú ìgò tí ẹ ń da omi ìdọ̀tí sí, torí ó lè bú gbàmù. Ẹ tún ṣan èédú náà mọ́, ẹ sì gbẹ ẹ́.

Ní báyìí, ẹ rú 100 mg rẹ̀ sínú 50 mL omi, kó wà nínú sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọ̀n ọ́n) fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wọn 145 mg Ni(NO₃)₂·6H₂O sí i, ìyẹn 0.5 mmol, kí ẹ máa rò ó fún wákàtí kan kí Ni²⁺ ráyè jókòó sára èédú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá máa kán NaOH 0.1 M sí i lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, nǹkan bí 11 mL láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá dà á gìrọ́ lẹ́ẹ̀kan, Ni(OH)₂ á dì sínú omi dípò ara èédú, ẹ ó rí àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń léfòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àmì pé kò dára nìyẹn, ẹ má fi ojú fò ó. Ẹ rò ó fún wákàtí méjì sí i, ẹ fi ẹ̀rọ centrifuge ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán, ẹ sì gbẹ ẹ́ ní 60 °C di ọjọ́ kejì. Ohun tí ẹ ó rí jẹ́ nǹkan bí 146 mg, níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á sì jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di NiO lè yan án ní 300 °C nínú náítírójìn. Ẹ má yan án nínú afẹ́fẹ́ lásán ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí níkẹ́ẹ̀lì ń ran èédú lọ́wọ́ láti jóná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ní gbogbo àsìkò yìí. Iyọ̀ níkẹ́ẹ̀lì ń fa àìsàn awọ ara àti jẹjẹrẹ.

Ní ti íńkì, 5 mg àdàlù, 950 µL ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí a fi omi là ní ìdajì, àti 50 µL Nafion (ohun ìlẹ̀mọ́) ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kán 5 µL sórí glassy carbon tó fẹ̀ ní 3 mm. Fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ 0.0707 cm², nítorí náà ẹ ti fi 0.35 mg sórí cm² kan. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀, awọ tó bá nípọn jù á lanu bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ fi ìkòkò dígí kékeré bò ó kó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ fáànù bá ń fẹ́ sí i, gbogbo ìyẹ̀fun á sá lọ sí etí, àárín á ṣófo, ẹ ó rí òrùka bí ojú ibi tí kọ́fí gbẹ sí. Ẹlẹ́kítíróòdù méjì tí òrùka wọn kò dọ́gba kò lè bára mu láéláé.

Nípa ohun ìlẹ̀mọ́: àwọn kan á ní kí ẹ lo chitosan torí pé ó rọ̀ lówó. Ásíìdì acetic ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, ásíìdì yẹn sì ń jẹ Ni(OH)₂. Ẹ ń kán níkẹ́ẹ̀lì, ẹ ń yọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Nafion náà ní ásíìdì díẹ̀ lára, ìdí nìyẹn tí íńkì àná kò fi dára bí ti òní. Ẹ máa po ó tuntun. Nafion ní ẹrù òdì, ó ń lé vitamin C àti uric acid sẹ́yìn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ní pH 13 glúkóòsì pàápàá ti ní ẹrù òdì, nítorí náà bí Nafion bá pọ̀ jù, glúkóòsì yín ló ń lé.

Kí ẹ tó kán ohunkóhun, ẹ fi alumina (ìyẹ̀fun ìdán) 1.0, 0.3 àti 0.05 µm dán ojú glassy carbon náà, ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa yí ọwọ́ bí ẹni ń kọ 8. Ẹ dán an wò nínú K₃Fe(CN)₆ 1 mM pẹ̀lú KCl 0.1 M ní 50 mV/s. Àlàfo àárín ṣóńṣó méjèèjì kò gbọdọ̀ ju 80 mV lọ. Bó bá ju 100 lọ, ẹ padà sórí alumina.

Bí awọ bá ti gbẹ, ẹ jí i: CV nínú NaOH 0.1 M, 0 sí 0.65 V, 50 mV/s, ìgbà àádọ́ta, títí ìlà tuntun á fi gùn orí ti àtẹ̀yìnwá gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá wọn glúkóòsì kí èyí tó parí ń wọn ohun tó ṣì ń yí padà. Ẹ má sì kọjá 0.65 V, nítorí ọ́síjìn á bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn rẹ̀, á sì máa ká awọ náà kúrò bí ẹni ń bó ọ̀dà ògiri. NaOH tí irin bá wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, máa ń jẹ́ kí híhó yìí tètè dé, torí irin ń wọ inú NiOOH. Nítorí náà ẹ ra èyí tó mọ́, kí ẹ sì tọ́jú omi rẹ̀ sínú rọ́bà, kì í ṣe dígí. 4.0 g nínú lítà kan ni 0.1 M. Ẹ dé e pa: afẹ́fẹ́ ń sọ ọ́ di kábọ́néètì, pH á wálẹ̀, ṣóńṣó á sún.

Ag/AgCl kò fẹ́ràn NaOH pẹ́ títí. Hg/HgO ló bá omi yìí mu jù. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ má fi Ag/AgCl sílẹ̀ nínú NaOH lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ ṣan án, ẹ dá a padà sínú KCl 3 M, kí ẹ sì fi wé òmíràn tí ẹ kì í lò lóòrèkóòrè ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá ju 5 mV lọ, ẹ yí omi inú rẹ̀ padà.

Nípa àìbáramu: ẹ ṣe ẹlẹ́kítíróòdù mẹ́ta, kí ẹ wọn Q wọn, kí ẹ wá fi Q ọ̀kọ̀ọ̀kan pín iná glúkóòsì rẹ̀. Bí àbájáde pípín náà bá dọ́gba, àdàlù yín dára, ọwọ́ tó ń kán an ló ń gbọ̀n. Bí kò bá dọ́gba síbẹ̀, inú àdàlù fúnra rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, ibì kan ní níkẹ́ẹ̀lì púpọ̀, ibì kan kò ní. Ìdánwò kan ṣoṣo yìí lè gba yín ní oṣù kan.

Ẹ má gbàgbé àwọn ẹlẹ́rìí: glassy carbon lásán, èédú láìsí níkẹ́ẹ̀lì, àti níkẹ́ẹ̀lì láìsí èédú, gbogbo wọn nínú glúkóòsì kan náà. Ní 2008, ẹgbẹ́ Richard Compton ní Oxford fi hàn pé bàbà tó ṣẹ́kù sínú carbon nanotube (ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tíntìntín) láti ilé iṣẹ́ ló ń rí glúkóòsì tí wọ́n ti gbà pé nanotube ló ń rí i. Èédú àgbọn náà ní irin àti oríṣiríṣi nǹkan láti inú ilẹ̀. Bí èédú lásán bá ń dáhùn, ẹ kò lè gbé gbogbo ògo fún níkẹ́ẹ̀lì.

Ó kù kí ẹ wọ̀n ọ́n. 10 mL NaOH, ìrò ní 400 rpm, fóltéèjì dúró lójú kan. Ẹ dán 0.45, 0.50, 0.55 àti 0.60 V wò, kí ẹ mú èyí tí ìdáhùn rẹ̀ fi pọ̀ jù ju ariwo lọ. Èyí tí iná rẹ̀ ga jù lè jẹ́ èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí iná ìpìlẹ̀ tẹ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, 20 µL glúkóòsì 0.01 M ní àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá sí ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 0.02 mM kún un.

Ní ti ìwọ̀n glúkóòsì, ẹ ka ara ìgò. Glúkóòsì tó gbẹ, 0.450 g nínú 25 mL ni 0.1 M (ẹ bù ú là ní ìlọ́po mẹ́wàá kó lè di 0.01 M tí ẹ ń kán). Èyí tó ní omi kan lára, 0.495 g ni. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì ti fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo glúkóòsì inú páálí tí wọ́n ń pò fún ọmọdé mu, òmíràn nínú wọn ní kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì nínú. Omi lásán ni kí ẹ yọ́ ọ sí, nínú fìríìjì, ọjọ́ mẹ́ta péré. Bí ẹ bá yọ́ ọ sínú NaOH kí ẹ tó lọ sùn, apá kan rẹ̀ á ti di fructose àti mannose kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá sì ti pọ́n bí tíì, ẹ dà á nù.

Mo ṣèlérí pé a ó padà sí “oríṣiríṣi nǹkan”. NiOOH kì í yan oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń dán vitamin C àti uric acid wò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: uric acid á jẹ́ nǹkan bí 0.003 sí 0.004 mM lẹ́yìn tí ẹ bá ti bù ú là ní ìlọ́po 100. Vitamin C ń yára kú nínú álíkálì, nítorí náà ẹ yọ́ ọ sínú omi, ẹ kán an kíá, ẹ ka iná kíá. Àwọn tí àwọn ìwé yẹn ń fò kọjá ló ṣe pàtàkì jù. Yúríà, tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí 2.5 sí 7 mM, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá glúkóòsì dọ́gba, níkẹ́ẹ̀lì ń jẹ ẹ́. Aláìsàn kíndìnrín ní jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé 0.08 g nínú 100 mL ní 17 mM ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ó ju ṣúgà rẹ̀ lọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn níkẹ́ẹ̀lì sí i kéré ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó tó láti yí èsì padà. Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹlẹ́kítíróòdù tí a fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù ṣan tí kò gbẹ fi ń purọ́. Fructose àti galactose náà á dáhùn. Ẹ dán gbogbo wọn wò ní iye tí wọ́n á jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti là á, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ bó ṣe rí. Bàbà, CuO, lè rọ́pò níkẹ́ẹ̀lì ní nǹkan bí 0.55 V, ó rọ̀ lówó, àmọ́ òun náà kì í yan oúnjẹ. Wúrà àti plátínọ́ọ̀mù ń rí glúkóòsì ní pH 7.4, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń sọ ojú wọn di aláìlágbára.

Bí ẹ bá dé orí ẹ̀jẹ̀ gidi, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò oní-fluoride, torí sẹ́ẹ̀lì pupa ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan bó bá wà lórí tábìlì. Ẹ kán 100 µL omi orí rẹ̀ sínú 9.9 mL NaOH, ẹ ka iná, kí ẹ wá fi glúkóòsì kún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé e sókè ní 0.05 mM, kí ẹ fa ìlà náà padà sẹ́yìn títí yóò fi kan òdo. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń yọ ipa prótéènì kúrò nínú èsì. Òṣùwọ̀n tí ẹ ó fi wọn ara yín ni ISO 15197 ti 2013, ìlànà àgbáyé fún ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀: nínú ìwọ̀n 100, márùndínlọ́gọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ fi ju 15 mg/dL yẹ̀ sí ti yàrá àyẹ̀wò bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 100 mg/dL, tàbí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bó bá dé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ṣe àdàlù tuntun, ẹ mú ẹlẹ́kítíróòdù tó ti rẹ̀ yẹn, ẹ fi CV mẹ́wàá nínú NaOH tuntun ṣan ojú rẹ̀, kí ẹ wá wọn Q rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: Q ọjọ́ kìíní bí ẹ bá ní in, Q ti ìsinsìnyí, àti fóltéèjì tí ṣóńṣó wà. Ẹ fi àwòrán ojú awọ náà kún un, kí n rí i bóyá òrùka ti gbá a yí ká.